Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá ṣọ́ọ̀ṣì lọ míṣọ́ọ̀nù ní Kenya: bẹ́ ẹ ṣe máa lo ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́

Àwa ará ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ Yorùbá, a fẹ́ràn kí bàálù gbé wa balẹ̀ láàárọ̀ ká sì ti wà lórí máìkì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n á ti lẹ fọ́tò pásítọ̀ káàkiri àdúgbò, wọ́n á ti háyà àga, ẹni tí kò tíì fojú kan oorun láti àná á wá máa wàásù fún àwọn tí kò mọ orúkọ ẹ̀. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn ṣe àlejò, kẹ́ ẹ jẹ oúnjẹ tí wọ́n bá gbé síwájú yín, kẹ́ ẹ kí èèyàn, kẹ́ ẹ mọ ibi tí ilé ìyàgbẹ́ wà, kẹ́ ẹ mọ iye tí ọlọ́kadà ń gbà láti ọjà dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwàásù ò ní sá lọ, bí wọ́n bá sì ti mọ̀ yín, etí tí wọ́n máa fi gbọ́ ọ á yàtọ̀.

Kenya ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, Nairobi tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ balẹ̀ sí àti Kisumu tó wà létí adágún Victoria. Bó bá jẹ́ Uganda tàbí Tanzania lẹ̀ ń lọ, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ á ṣì wúlò fún yín, àmọ́ òfin ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ilé lẹ ti máa yọ ọ̀rá kúrò nínú ẹrù

Ẹ jẹ́ n mú ti ọ̀rá ṣáájú torí òun ló máa ń kó ìtìjú bá àwọn èèyàn wa ní éápọ̀ọ̀tù. Láti August 28, 2017 ni Kenya ti fòfin de ọ̀rá tá a fi ń rajà, owó ìtanràn ẹ̀ lè tó mílíọ̀nù mẹ́rin ṣílè tiwọn, ẹ̀wọ̀n ẹ̀ sì lè tó ọdún mẹ́rin. Mi ò sọ pé wọ́n máa ti díákónì mọ́lé torí ọ̀rá gààrí o, àmọ́ wọ́n lè ní kẹ́ ẹ tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo ayé, kẹ́ ẹ fi ọ̀rá náà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa lọ. Ẹ sì mọ báwa ṣe ń di ẹrù: bàtà nínú ọ̀rá, àwọ̀tẹ́lẹ̀ nínú ọ̀rá, ata gígún nínú ọ̀rá méjì tí wọ́n so ní kókó, ọṣẹ dúdú nínú ọ̀rá dúdú, Bíbélì gan-an nínú ọ̀rá kí omi má bàa kàn án. Ẹ tú gbogbo ẹ̀ nílé. Ẹ rán àpò aṣọ kéékèèké, télọ̀ kankan á bá yín rán an látinú àjákù ańkárá, ata àti gààrí kó wọnú ike onídèérí. Ọ̀rá tí wọ́n bá kó ọjà sí fún yín nínú éápọ̀ọ̀tù níbi tẹ́ ẹ ti wọkọ̀ náà ńkọ́? Ẹ má mú un wọ ìlú wọn.

Ẹran gbígbẹ, pọ̀nmọ́, ìgbín, èso tútù, irúgbìn ẹ̀fọ́ tí ìyá yín ní kẹ́ ẹ bá òun gbé fún ọmọ òun tó wà níbẹ̀, ẹ fi gbogbo ìyẹn sílé.

Yẹ́lò káàdì ńkọ́? Orílẹ̀-èdè wa wà lára àwọn tí ibà pọ́njú ti ń jà, nítorí náà wọ́n máa béèrè ẹ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá lára yín kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ má lọ gbà á lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kẹ́ ẹ wọ bàálù lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tó ti gbà á tẹ́lẹ̀ ò nílò òmíì, láti 2016 ni wọ́n ti fòpin sí ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá yẹn, tó fi jẹ́ pé títí ayé lèyí tẹ́ ẹ bá gbà báyìí máa ṣiṣẹ́. Ọwọ́ àwọn Port Health, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ní éápọ̀ọ̀tù, ni kẹ́ ẹ ti gba káàdì, kì í ṣe lọ́wọ́ bọ̀dá kan tó dúró lẹ́nu géètì tó ní òun lè bá yín ṣe é kíákíá.

Ọ̀rọ̀ físà máa ń yí. January 2024 ni Kenya gbé físà tì tó fi eTA, ìwé àṣẹ ìrìn àjò tí wọ́n ń gbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, rọ́pò ẹ̀, wọ́n sì tún ti yí òfin náà padà fún àwa ọmọ Áfíríkà lẹ́yìn ìgbà yẹn, torí náà ìkànnì ìjọba Kenya fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, ẹ má tẹ̀ lé ohun tí ẹnì kan tó lọ láyé ọjọ́sí sọ fún yín. Ẹ gba lẹ́tà ìkésíni lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ gbà yín, kó ní àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó máa wá pàdé yín, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà torí fóònù lè kú. Bí wọ́n bá bi yín ní tábìlì ìmígíréṣọ̀n pé kí lẹ wá ṣe, ẹ sọ òótọ́. Ẹ má sọ pé ẹ wá wo kìnnìún nígbà tí àpótí yín kún fún ìwé àṣàrò kúkúrú. Ẹni tó fẹ́ dúró pẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ìwé àṣẹ tiẹ̀, Class I ni wọ́n ń pè é, ti iṣẹ́ ẹ̀sìn àti ti àánú, ṣọ́ọ̀ṣì tó gbà yín ló máa bá yín béèrè fún un.

Owó: dọ́là ni kẹ́ ẹ mú dání, kó jẹ́ tuntun, kó mọ́, kó má ya, kí wọ́n má kọ nǹkan kan sí i lára. Náírà yín, ẹ tọ́jú ẹ̀ de takisí tó máa gbé yín lọ sílé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá padà sí Ìkẹjà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ọjọ́ tẹ́ ẹ balẹ̀ ní Nairobi

Láti Èkó sí Nairobi, bàálù tó bá lọ tààrà máa ń gbà tó wákàtí márùn-ún. Aago wọn fi wákàtí méjì ṣáájú tiwa. Òtútù ló máa kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀, Nairobi ga ju ìpele òkun lọ tó mítà 1,800 tàbí kó fẹ́ẹ̀ẹ́ tó o, àti pé láàárín June sí August, òtútù ibẹ̀ láàárọ̀ kì í ṣe eré, swẹ́tà kan gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì tẹ́ ẹ gbé lọ́wọ́, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fi sínú ẹrù ńlá.

Kẹ́ ẹ tó kúrò ní éápọ̀ọ̀tù, ẹ ra síìmù, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n ṣí M-Pesa, ìyẹn àpò owó orí fóònù, sórí ẹ̀ fún yín. Páṣípọ́ọ̀tù yín ni wọ́n máa fi forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má fojú kékeré wo nǹkan yìí. Láti 2007 tí Safaricom, ilé iṣẹ́ fóònù wọn, ti gbé M-Pesa jáde, orí fóònù ni owó Kenya ń gbé. Ìyá tó ń ta tòmátì ní M-Pesa, ọlọ́kadà ní, ibi tí wọ́n ti ń gba owó ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, wọ́n á kọ nọ́ńbà gàdàgbà sára ògiri. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: ẹ máa rí ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé níbi gbogbo, bíi ti àwọn oní-POS lọ́dọ̀ wa, ẹ fún un lówó ṣílè yín pẹ̀lú nọ́ńbà yín àti páṣípọ́ọ̀tù, owó á wọlé. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó fún ẹnì kan, nọ́ńbà fóònù ẹ̀ lẹ máa tẹ̀. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ó máa ní nọ́ńbà Till, bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, Paybill. Orúkọ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fowó ránṣẹ́ sí máa jáde, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó tẹ PIN. Bẹ́ ẹ bá ṣi nọ́ńbà tẹ̀, ẹ gbé àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé fún yín yẹn ránṣẹ́ sí 456 lójú ẹsẹ̀, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Àǹfààní kan wà níbẹ̀ fún akápò ẹgbẹ́ yín. Gbogbo owó tó bá jáde ló ní àtẹ̀jíṣẹ́ tiẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, aago wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tó gbà á wà níbẹ̀. Ẹ má pa ọ̀kankan rẹ́. Nígbà tẹ́ ẹ bá délé tí ìgbìmọ̀ bá ní kẹ́ ẹ wá ṣàlàyé owó, ẹ kàn máa ṣí fóònù ni.

Síìmù Nàìjíríà yín kó wà nínú fóònù kejì tàbí lójú kejì fóònù torí WhatsApp àti báǹkì. Ṣájà yín á wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan náà làwọn náà ń lò. Ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, apá òsì títì ni wọ́n ń gbà wa mọ́tò, torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọdá títì, apá ọ̀tún ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ará Èkó tó ti mọ sísọdá títì ní Ọ̀ṣòdì lèyí máa ń nira fún jù, torí ara ẹ̀ ti mọ́ apá kejì, ojú ẹ̀ á máa wo òsì, mọ́tò á ti dé láti ọ̀tún.

Ẹ sun oorun ọjọ́ yẹn ní Nairobi. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ká kúkú wọ ọkọ̀ lọ sí Kisumu lálẹ́ yẹn kó lè dín owó kù. Rárá o. Kìlómítà tó nǹkan bí 350 ni lójú ọ̀nà, ẹ sì máa gba ibi òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí tírélà pọ̀ sí. Ẹ lọ lójúmọmọ, ẹ máa gba ẹ̀gbẹ́ oko tíì ní Kericho, ilẹ̀ náà tutù yọ̀yọ̀, ojú á là yín sí ibi tẹ́ ẹ dé. Ẹni tówó ẹ̀ bá tó, bàálù ò tó wákàtí kan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kọ́ aago wọn kó tó kó yín sí wàhálà

Èyí gan-an ni mi ò mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni kì í fi sọ fún ẹni tó ń lọ. Àwọn tó ń sọ Swahili, ìgbà tí oòrùn bá yọ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka aago, kì í ṣe ọ̀gànjọ́ òru. Aago méje àárọ̀ tiwa, saa moja ni wọ́n ń pè é, ìyẹn aago kan. Aago mẹ́wàá àárọ̀, saa nne, ìyẹn mẹ́rin. Ọ̀sán gangan jẹ́ saa sita, mẹ́fà. Ibẹ̀ fẹ́ẹ̀ẹ́ jẹ́ àárín ayé gan-an, oòrùn ń yọ ó sì ń wọ̀ ní nǹkan bí ìgbà kan náà láti January dé December, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà tiwọn fi bọ́gbọ́n mu níbẹ̀.

Tí ìyá kan ní abúlé bá wá ní ìpàdé àwọn obìnrin máa bẹ̀rẹ̀ ní saa nane lọ́la, mẹ́jọ nìyẹn, ẹ má lọ jí ní aago márùn-ún ìdájí kẹ́ ẹ lọ jókòó síwájú ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní títì, aago méjì ọ̀sán ló ń sọ. Ọ̀nà ìrọ̀rùn kan rèé: ẹ wo aago ọlọ́wọ́, nọ́ńbà tó kọjú sí èyí tí ọwọ́ kékeré wà ni tiwọn. Mẹ́wàá kọjú sí mẹ́rin, méje kọjú sí ọ̀kan, méjì kọjú sí mẹ́jọ. Tí wọ́n bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, aago tí gbogbo ayé mọ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò, àmọ́ àwọn àgbàlagbà kan máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ nọ́ńbà Swahili, nítorí náà ẹ máa bi wọ́n léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i: ṣé kó tó di oúnjẹ ọ̀sán ni àbí lẹ́yìn ẹ̀? Pàápàá dẹ́rẹ́bà. Ẹ bi dẹ́rẹ́bà lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ilé ẹni tó gbà yín

Ọ̀pọ̀ ìgbà, ilé àwọn ọmọ ìjọ lẹ máa sùn, kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì, ó sì sàn bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ bọ gbogbo ẹni tó bá wà nínú pálọ̀ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti apá kan dé apá kejì, ìbáà jẹ́ ogún èèyàn. Ẹ má juwọ́ láti ẹnu ọ̀nà kẹ́ ẹ ní ẹ kí gbogbo yín. Ti ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀, wọn ò mọ̀ ọ́n bíi tiwa. Tí arábìnrin kan bá ṣàdédé fi eékún méjèèjì kanlẹ̀ níwájú ìyá arúgbó kan ní Kisumu, ìyá yẹn lè pariwo pé kí wọ́n gbé e dìde, kí wọ́n bu omi fún un. Ẹ tẹrí ba díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gba tiwọn, ó tó.

Ohun tó máa rọ̀ yín lọ́rùn ni orúkọ. Ìyá tó bí Otieno, Mama Otieno ni, bí ìyá Bọ́lá ṣe ń jẹ́ ìyá Bọ́lá lọ́dọ̀ wa, ẹ má fi orúkọ gan-an pè é. Orúkọ ọmọ àkọ́bí ilé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè, ẹ ti bọ́ nínú ìjàǹbá yẹn. Pásítọ̀ obìnrin tàbí ìyàwó pásítọ̀ náà, Mama ni.

Nígbà tí oúnjẹ bá fẹ́ dé, ẹ jókòó sójú kan. Ọmọ ilé kan, ọmọbìnrin lọ́pọ̀ ìgbà, máa gbé jọ́ọ̀gì omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọpọ́n wá, á fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́ ọrùn ọwọ́, á wá máa ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Á tẹ̀ síwájú yín díẹ̀, á da omi sí yín lọ́wọ́, ẹ fọ̀ ọ́ lórí ọpọ́n, á dúró títí ẹ ó fi ní ó tó, ẹ nu ọwọ́, ẹ ní asante, ìyẹn ẹ ṣé. Ẹ má dìde lọ wá ibi tí ẹ̀rọ omi wà ní kíṣìnnì, ẹ má sì yọ sanitáísà jáde látinú báàgì lójú wọn lẹ́yìn tí ọmọ yẹn ti dúró sí yín níwájú. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lo sanitáísà, ẹ lò ó nínú mọ́tò.

Tíì wọn, chai, mílíìkì ni wọ́n fi sè é pa pọ̀ pẹ̀lú omi, ṣúgà sì máa ń pọ̀ níbẹ̀. Ilé mẹ́ta tẹ́ ẹ bá yà láàárọ̀, ilé mẹ́ta náà ló máa gbé e wá. Ẹ gbà á. Ẹni tí ṣúgà ò bá lára mu, kó ti sọ fún Mama ilé láti alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó máa bínú sí àìsàn, àmọ́ kéèyàn kàn ní òun ò mu, láìsọ ìdí, ìyẹn ò dáa.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ikùn àti ara

Ugali ni oúnjẹ ibẹ̀, ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n rò títí tó fi le, ó le ju ẹ̀bà lọ, ẹ máa fọwọ́ gé e, ẹ máa rọ́ ọ di kókó kékeré kẹ́ ẹ tó fi kan ẹ̀fọ́. Ẹ̀fọ́ yẹn ni sukuma wiki. Ní Kisumu, ẹja adágún ló máa bá a wá, tilápíà odindi láti orí dé ìrù, tàbí omena, ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n sá gbẹ. Ata? Kò sí ata. Ẹni tó bá jẹun wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ máa rò pé wọ́n gbàgbé nǹkan sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ gbé ata gígún yín sínú ike, àmọ́ ẹ má wọ́n ọn sórí oúnjẹ lójú ẹni tó sè é lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó di ọjọ́ kẹta kẹ́ ẹ tó mú un jáde, nígbà tẹ́ ẹ ti ń ṣeré pọ̀, ẹ sì fún àwọn náà tọ́ wò, ẹ̀rín á pọ̀ níbẹ̀.

Omi tí wọ́n sè tàbí ti inú ìgò ni kẹ́ ẹ máa mu. Ti ẹ̀fọn, ẹ gbọ́ o: Nairobi tutù, ibà ò pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ agbègbè adágún yẹn wà lára ibi tí ibà ti ń jà jù ní Kenya. Ẹ má sọ pé ọmọ Nàìjíríà ni yín, ibà ò lè mú yín, ìsọkúsọ nìyẹn. Ẹ sun inú nẹ́ẹ̀tì láti alẹ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa oògùn ìdènà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Adágún náà rẹwà, ó ń pe èèyàn, pàápàá lálẹ́, ẹ dúró sórí òkúta kẹ́ ẹ ya fọ́tò yín, ẹ má ki ẹsẹ̀ bọ inú ẹ̀. Kòkòrò bilharzia wà nínú omi yẹn, awọ ara ló ń gbà wọlé, èèyàn ò sì ní mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi fún èèyàn nínú adágún, kó lọ bá pásítọ̀ ibẹ̀ kó béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣe é.

Oògùn tẹ́ ẹ bá ń lò, kó wà nínú páálí ẹ̀ pẹ̀lú ìwé dókítà. Ẹ má kó kátọ̀nù oògùn lọ pé ẹ fẹ́ pín in fún aláìsàn, ìjọba ibẹ̀ ní òfin tiwọn lórí ìyẹn. Nọ́ńbà pàjáwìrì wọn ni 999 tàbí 112.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kẹ́ ẹ tó gba máìkì

Lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, kí olórí ẹgbẹ́ yín lọ jókòó ti pásítọ̀ tó gbà yín, àwọn méjì péré, kí wọ́n sọ̀rọ̀ dé ìdí. Kí ni wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe? Kí ni wọn ò fẹ́? Ṣé wọ́n máa ń gbàdúrà ìtúsílẹ̀ ní gbangba? Ṣé obìnrin lè wọ ṣòkòtò wá? Ta lẹ máa kí kẹ́ ẹ tó wọ abúlé? Ní ọdún 2023, wọ́n wú òkú èèyàn tó lé ní 400 jáde nínú igbó Shakahola lápá etíkun, àwọn tí wọ́n ní oníwàásù kan ló ní kí wọ́n máa gbààwẹ̀ kí wọ́n lè pàdé Jésù. Látìgbà yẹn, ojú tí ìjọba àti aráàlú fi ń wo oníwàásù tó wá láti ibòmíì ti yí padà, wọ́n ò sì jẹ̀bi. Bẹ́ ẹ bá dìde lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ kéde ààwẹ̀ gígùn láìjẹ láìmu, ọ̀rọ̀ á dé tésàn kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Ṣebí CMS kan náà, ìyẹn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Church Missionary Society ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló rán míṣọ́nnárì Krapf lọ sí Mombasa ní 1844, tó tún rán Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wá sí Badagry ní January 1845. Abẹ́òkúta ni Crowther ń lọ, àmọ́ Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, tó fẹ́ gbà wọ́n lálejò kú, ọ̀nà ò sì dáa, wọ́n bá dúró sí Badagry títí di 1846, ó lé ní ọdún kan dáadáa. Ọmọ Yorùbá ni Crowther, èdè tó gbọ́ láti kékeré ni wọ́n ń sọ níbi tó ń lọ, síbẹ̀ ó dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ò gbọ́ Swahili, tẹ́ ò gbọ́ Dholuo, èdè àwọn Luo ní Kisumu, kí ló ń lé yín?

Ẹ wá ògbufọ̀ yín lọ́jọ́ méjì ṣáájú, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá dórí pèpéle. Ẹ jọ jẹun. Ẹ ka ẹsẹ Bíbélì tẹ́ ẹ fẹ́ lò fún un kó lè wá a jáde nínú tiwọn, Sáàmù ni Zaburi, Mátíù ni Mathayo, Jẹ́nẹ́sísì ni Mwanzo. Lọ́jọ́ náà, ẹ máa sọ gbólóhùn kúkúrú, kó parí lẹ́nu yín, kẹ́ ẹ dákẹ́. Ohun tó ń pa ògbufọ̀ ni kí pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ní Ọlọ́run Ábúráhámù kó tó parí ẹ̀ ní Lẹ́kí. Òwe náà, ẹ dín in kù, títúmọ̀ rẹ̀ máa ń gba àkókò, nígbà tó bá fi débẹ̀, adùn ẹ̀ ti ṣàn dànù. Ní Kisumu àwọn ọ̀dọ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, àwọn ìyá àgbà lábúlé ló nílò Dholuo, ẹ wo àwọn tó jókòó níwájú yín kẹ́ ẹ tó pinnu èyí tẹ́ ẹ máa lò.

Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, wọ́n á ní kẹ́ ẹ dìde kí ìjọ. Ẹ ní "Bwana asifiwe", ìyẹn ìyìn fún Olúwa, wọ́n á dáhùn, ẹ dárúkọ, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ti wá, ẹ sọ pé ẹ ti gba Jésù, ẹ jókòó. Ìṣẹ́jú kan. Wọn ò ní kẹ́ ẹ wàásù, bẹ́ ẹ bá sì sọ ọ́ di ìwàásù, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á sì rántí.

Ìgbésẹ̀ keje: owó, ìlérí àti fọ́tò ọmọdé

Wọ́n ń wo fíìmù wa, torí náà ọ̀pọ̀ ló rò pé gbogbo wa ló ní ilé ńlá àti jíìpù méjì. Ẹnì kan á mú yín lọ wo òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tó ń jò. Ẹlòmíì á sọ̀rọ̀ owó ilé ìwé ọmọ ẹ̀. Lọ́jọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ yìí, ẹ gbọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má ṣèlérí kankan, ẹ má tiẹ̀ sọ pé "Ọlọ́run á ṣe é" lọ́nà tí wọ́n á fi rò pé ẹ̀yin lẹ máa ṣe é. Bí wọ́n bá ń ṣe Harambee, ìyẹn ìkówójọ, tí wọ́n sì yíjú sí àlejò, ẹ ti gbọ́dọ̀ ní iye kan tẹ́ ẹ ti fẹnu kò lé lórí nínú ẹgbẹ́, kó gba ọ̀dọ̀ akápò ìjọ wọn, kì í ṣe ọwọ́ ẹnì kan. Bí arákùnrin kan nínú yín bá ń yọ dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lábẹ́lẹ̀, ẹ bá a wí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí ó máa dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ará ibẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ ò sì ní sí níbẹ̀ láti parí ẹ̀.

Àwọn ọmọdé á yí yín ká, wọ́n á fẹ́ fọwọ́ kan irun yín, inú yín á dùn. Ẹ má ya fọ́tò wọn gbé e sórí Facebook láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òbí. Kenya ní òfin lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti 2019, àmọ́ bí kò tilẹ̀ sí òfin, ẹ wo bó ṣe máa rí kí àlejò kan ya ọmọ yín tí ikun ń yọ nímú ẹ̀ tí kò wọ bàtà kó lọ kọ "ẹ gbàdúrà fún wọn" sábẹ́ ẹ̀. Ẹ má dá wà pẹ̀lú ọmọ ẹlòmíì nínú yàrá, ìbáà jẹ́ àdúrà lẹ fẹ́ gbà fún un. Sójà, ọlọ́pàá, éápọ̀ọ̀tù, ẹ má yà wọ́n rárá.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ̀yin fúnra yín

Ìjà inú ẹgbẹ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Oorun ò tíì tó, ikùn ò tíì mọ ugali, ẹnì kan ń húnrun, ẹnì kan ló ń lo gbogbo omi gbígbóná. Ẹ máa ṣe ìpàdé kékeré lálẹ́, ìdajì wákàtí, kí kálukú sọ ohun tó ń dùn ún kó tó di ẹ̀hónú, kẹ́ ẹ gbàdúrà, kẹ́ ẹ sùn. Ẹ fi bí ẹnì kan á ṣe pe ilé sí aago tó yé gbogbo yín, torí wákàtí méjì yẹn, aago mẹ́wàá alẹ́ ní Kisumu, mẹ́jọ ni nílé, ìgbà táwọn ọmọ ṣì wà lójúfò nìyẹn, ó dáa láti pè wọ́n.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, kí akọ̀wé yín kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe lọ́sẹ̀ náà sójú ewé kan: ọjọ́, ibi, ẹni tó máa sọ̀rọ̀, ẹni tó máa túmọ̀, ẹni tó máa gbé yín lọ, àti aago, kó kọ aago náà lọ́nà méjèèjì, tiwa àti tiwọn. Kó fún pásítọ̀ ní ẹ̀dà kan, Mama ilé ní ẹ̀dà kan kó lè mọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa jẹun nílé, dẹ́rẹ́bà ní ẹ̀dà kan.